Páwà báìkì tó ti dúró lójú kan fún ọdún mẹ́rin ní Ògbómọ̀ṣọ́: kí la ó yẹ̀ wò ká tó rà á?

Ọmọ Ajílété:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Honda CBR600F4i ọdún 2002 kan wà lẹ́yìn ilé kan nítòsí Tákìé tí wọ́n fẹ́ tà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ síbẹ̀. Abẹ́ páànù ló wà, òjò kì í pa á tààrà. Ike ara rẹ̀ ti fọ́ lápá òsì, bátìrì ti kú, táǹkì ń rùn, kọ́kọ́rọ́ kan péré ló wà. Ẹni tó ń tà á ní ẹ́ńjìnì ò ní wàhálà kankan, bátìrì nìkan ló fẹ́. Mo fẹ́ tún un ṣe kí n máa gùn ún ni, n kò fẹ́ tún un tà. Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó? Bí mo bá sì gbé e délé, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Mẹkáníìkì Wàásínmi:
Àbúrò, "bátìrì nìkan ló fẹ́" ni gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó ti kú máa ń wí. Tó bá jẹ́ bátìrì nìkan ni, ì bá ti ra bátìrì, kó tan ọkọ̀ níwájú rẹ, kó sì gbowó gọbọi. Bí ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnì tó ti gan ni kí o ṣe dúnàádúrà.

Ohun àkọ́kọ́: má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà gbéná láti ara mọ́tò sí i, kó wá tẹ sítátà. Ọdún mẹ́rin ni ọ́ìlì ti ṣàn kúrò lára sìlíńdà, ríǹgì ti gbẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti wà níbi tí ríǹgì ti dúró. Sítátà lágbára tó láti fi ríǹgì ya ara sìlíńdà. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n ti lọ nìyẹn, ó di kí a tú ẹ́ńjìnì.

Ohun tí o máa ṣe níbẹ̀ rèé. Ní kí wọ́n bá ọ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, kí o ki gíà sí 6. Fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn síwájú, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí, wàá máa gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó sì ń tú sílẹ̀, ọwọ́ rẹ á sì mọ ibi tó ti le àti ibi tó ti rọ̀. Bí táyà bá kọ̀ jálẹ̀ tí kò yí rárá, ẹ́ńjìnì ti gan nìyẹn. Bí ó bá yí wọ́ọ́rọ́ láìsí ibi kankan tó ti le, ó burú ju gígan lọ, nítorí ó lè jẹ́ pé fáfù ti tẹ̀ tàbí ṣéènì táímìn ti já.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá gíà wọlé lóòótọ́ o. Àwọn míì á fi sí nútírà, wọ́n á sì ní ẹ́ńjìnì ń yí.

Gíwá Páàtì, Gate Ìbàdàn:
Ọ̀gá Wàásínmi ti sọ ti ẹ́ńjìnì. Èmi á sọ ti ohun tó ń jẹ owó jù, ìyẹn ohun tí kò sí lára ọkọ̀.

Páàtì ọ̀kadà pọ̀ ní ilẹ̀ yìí bí ilẹ̀ bí ẹní, láti Ọjà Jagun títí dé Nnewi, ṣùgbọ́n ti páwà báìkì bíi CBR, R6 tàbí GSX-R kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Bajaj. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ iye owó, ẹ yí ọkọ̀ náà ká pẹ̀lú bébà àti bírò, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí kò sí níbẹ̀ sílẹ̀: dígí ẹ̀gbẹ́, ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì, àpótí fílítà, irin tó ń gbé ike dúró níwájú, bólùtù ike, ìdérí ṣéènì, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì), sàléńsà. Páwà báìkì tó gbó ṣùgbọ́n tó pé sàn ju èyí tó ń dán tí ìdajì ara rẹ̀ ti lọ. Irin tó ń gbé ike dúró níwájú nìkan lè pẹ́ kó tó délé yín, torí láti òkè òkun ni yóò ti wá, ní tòkunbọ̀.

Béárìn táyà kò níí ṣe pẹ̀lú Honda ní tirẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. 6204 tàbí 6303, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ta béárìn ni ẹ ó ti rí i, ti ẹ̀rọ ọlọ tàbí ti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n máa pè é. Ẹ kàn rí i pé èyí tó ní rọ́bà lójú méjèèjì ni, kó ní 2RS lára. Síìlì náà bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ihò inú, fífẹ̀ ìta àti sísanra. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá ara wọn mu, tó sì jẹ́ irú iṣẹ́ kan náà ló wà fún, yóò wọlé.

Ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ́ àfidípò ni ríǹgì, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, àti páàdì bíréèkì.

Ọmọ Ajílété:
Ẹ ṣeun gan-an. Ti férémù ńkọ́? Ike tó fọ́ lápá òsì yẹn ń kọ mí lóminú.

Mẹkáníìkì Wàásínmi:
Ó yẹ kó kọ ọ́ lóminú. Ike máa ń fọ́ bí ọkọ̀ bá ṣubú lójú kan náà, ìyẹn ò burú. Èyí tó burú ni kí ó ti kọlu nǹkan.

Yí ọwọ́ ọkọ̀ dé òpin lápá ọ̀tún, kí o wo abẹ́ ọrùn férémù. Irin kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń dá ọwọ́ dúró kó má baà kọjá ibi tó yẹ. Bí ó bá ti tẹ̀, tó ti kán, tàbí tí wọ́n ti jó o mọ́ ọn, ọkọ̀ yẹn ti ṣubú lórí eré. Ṣe tòsì náà bẹ́ẹ̀. Aluminíọ́ọ̀mù ni férémù F4i, kì í ṣe irin tí wẹ́dà títì lè jó. Bí o bá rí ojú jíjó tuntun kankan lára rẹ̀, fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Kò sí ẹ̀dínwó tó lè ra férémù tó ti tẹ̀.

Gbé iwájú sókè, jẹ́ kí ọwọ́ rọra bọ́ láti ọ̀tún sí òsì. Bí ó bá ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ní àárín gbùngbùn, béárìn ọrùn ti gbó. Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Ṣọ́ọ̀kì iwájú: nu pọ́ọ̀lù rẹ̀ méjèèjì, kí o fi èékánná ìka họ ọ́ láti òkè dé ibi síìlì. Bí èékánná bá há sí ibì kan, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ nìyẹn, síìlì tuntun kò ní pẹ́ tí yóò fi tún máa da ọ́ìlì. Ihò kékeré tó wà ní òkè réré, níbi tí síìlì kì í dé, má dà á láàmú.

Rewáyà Sábó:
Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ iná, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ páwà báìkì ń kú sí ní ìlú yìí, tí wọ́n á sì ní ẹ́ńjìnì ló bàjẹ́.

Ẹ gbé bátìrì tó dára lọ síbẹ̀, kì í ṣe láti tẹ sítátà, kí ẹ kàn lè yí kọ́kọ́rọ́ ni. Nígbà tí ẹ bá yí i, kí pọ́ǹpù epo nínú táǹkì dún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, kó sì dákẹ́. Bí kò bá dún, ẹ wo bọ́tìnnì pupa tó ń pa ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ọ̀tún kí ẹ tó dá pọ́ǹpù lẹ́bi. Ẹ̀rọ kan tún wà níwájú tó máa ń pa iná bí ọkọ̀ bá dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní dídojúdé, ẹ ò ní rí iná kankan. Sítátà kò ní ṣiṣẹ́ bí gíà bá wọlé tí ẹ kò sì di kulọ́ọ̀ṣì mú. Bí ẹsẹ̀ ìdúró bá wà nílẹ̀ tí gíà sì wọlé, kò ní ṣiṣẹ́ rárá.

Ìmọ́lẹ̀ FI lójú pátákó, tó ń sọ ibi tí wàhálà ẹ́ńjìnì wà: bí ó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹsẹ̀ ìdúró wà nílẹ̀, ẹ kà á. Ìṣẹ́jú gígùn kan jẹ́ mẹ́wàá, kúkúrú kan jẹ́ ọ̀kan. Méje tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ ooru omi, mẹ́jọ sí ti ọwọ́ iná, mẹ́sàn-án sí ti ooru afẹ́fẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú wáyà tó ti di aláwọ̀ ewé ni, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Kọ́ńtáàkì kílínà, èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú wáyà, àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré ló fẹ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kan yẹn gan-an. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù, ó lè ní HISS, ìyẹn ni pé brain box máa ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ìmọ́lẹ̀ HISS á tàn díẹ̀, á sì kú. Bí ó bá tàn tí kò kú, brain box kò mọ kọ́kọ́rọ́ náà, ọkọ̀ kò sì ní gbaná títí ayé. Agékọ́kọ́rọ́ ọjà kò lè yanjú rẹ̀. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ tètè ṣe èkejì, nítorí láti ara kọ́kọ́rọ́ tó ti mọ̀ ni wọ́n ti ń fi òmíràn kún un. Bí kan ṣoṣo yìí bá sọnù, brain box tuntun ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tan ọkọ̀, bátìrì tó wà ní 12.6 vóltì nígbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gòkè sí láàárín 13.5 sí 14.5 ní nǹkan bí 5,000 yíyí ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá kọjá 15, rẹ́gúlétọ̀ ti kú, á sì se bátìrì. Bí kò bá gòkè rárá, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wáyà yẹ́lò mẹ́ta, ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ara férémù. Ìkankan nínú wọn kò gbọdọ̀ kan férémù rárá. Bí ọ̀kan bá kàn án, kọ́ìlì tó ń ṣe iná ti jóná. Ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn fúnra rẹ̀ dáadáa, lára Honda ìgbà yẹn, ó máa ń jó di dúdú. Àyípadà sọ́kẹ́ẹ̀tì kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lọ́ wáyà mọ́ra kí ẹ wá fi téèpù wé e. Líìdì ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́.

Ará Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́:
Ìbéèrè tèmi ni pé, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún un kó wá èyí tó ní kabúrétọ̀ dípò? Honda CBR600 F3 tàbí Yamaha Thundercat. Ẹni tó mọ kabúrétọ̀ wà ní gbogbo ìgboro.

Mẹkáníìkì Wàásínmi:
Ẹni tó mọ kabúrétọ̀ ọ̀kadà wà ní gbogbo ìgboro. Kabúrétọ̀ mẹ́rin tó so pọ̀, tí a gbọ́dọ̀ fi géèjì mú wọn dọ́gba, ìyẹn yàtọ̀. Epo tó bá gbẹ sínú rẹ̀ á di ihò jẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń mú kí ẹ́ńjìnì dúró láìfún un níná. Ihò yẹn kéré débi pé abẹ́rẹ́ ìránṣọ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ a máa fi wáyà lù ú, ihò á gbòòrò, ọkọ̀ á wá máa mu epo bí ọ̀mùtí. Lẹ́yìn ìyẹn, rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀, bó bá ya díẹ̀ báyìí, sìlíńdà yẹn kò ní sáré.

F4i kò ní kabúrétọ̀, nọ́súlù ló ń fún epo sí i; bí táǹkì bá mọ́, kì í yọni lẹ́nu púpọ̀. Wọ́n ń fọ nọ́súlù mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ ní Ìlọrin àti Ìbàdàn, ẹ̀rọ kan náà ló ń fọ ti alùpùpù. Ní tèmi, kó rà á bí férémù bá tọ́ tí brain box sì mọ kọ́kọ́rọ́.

Ará Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́:
Ó dáa. Àmọ́ táǹkì yẹn ni kó fi ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ o, kó tó tan pọ́ǹpù lé epo lórí.

Ohun tí ń rùn bí ọ̀dà nínú táǹkì, epo tó ti bàjẹ́ ni. Tú u dànù, má fi epo tuntun là á. Yọ pọ́ǹpù kúrò nísàlẹ̀ táǹkì, wo asẹ́ ẹnu rẹ̀. Bí ìpẹtà bá wà nínú táǹkì, dí gbogbo ihò, da ọtí kíkan kún un, fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, wò ó, bí ó bá kù, fi kún àkókò. Bí ó bá ti di èèpá, da nọ́ọ̀tì kéékèèké bí 30 sí i kí o sì mì ín. Kà wọ́n kí o tó dà wọ́n sí i, kí o sì kà wọ́n bí wọ́n bá jáde. Ọ̀kan tó bá kù sínú ló máa ba pọ́ǹpù jẹ́. Lẹ́yìn náà, fi omi àti sóódà ìṣebúrẹ́dì ṣan án kí kíkan tán, fi omi lásán ṣan án, kí o sì gbẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná. Bí o bá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ fúnra rẹ̀, ìpẹtà tuntun ti bo ibẹ̀. Da ọ́ìlì díẹ̀ sí i kí o yí i ká bí o kò bá tíì fẹ́ bu epo sí i.

Bí táǹkì bá jò, má gbé e lọ fún wẹ́dà pẹ̀lú òórùn epo nínú rẹ̀. Òfìfo táǹkì epo máa ń bú gbàmù ju èyí tó kún lọ.

Mẹkáníìkì Wàásínmi:
Bí ó bá délé, ti ẹ́ńjìnì rèé. Yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ yanrìn kúrò nínú kòtò wọn, torí ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀. Da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ṣíbí ìpo-tíì kan sí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Fi ọwọ́ yí i láti ara táyà ẹ̀yìn bí mo ṣe sọ lókè, ìgbà mélòó kan, kí o tó fi sítátà yí i láìsí pọ́lọ́ọ̀gì. Tẹ́ àkísà bo ihò, ọ́ìlì á tu sókè. Má sì gbé ojú lé e.

Bí ó bá ti gan tẹ́lẹ̀, ọ́ìlì gíà mọ́tò ọ̀tọ́mátíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní ATF, pẹ̀lú ásétóònù ní ìdajì-ìdajì ni kí o dà sí i, ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí o máa fi kún un bó bá ń lọ sílẹ̀. Má fi òòlù tàbí páìpù gígùn fi agbára mú un.

Wá wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ọwọ́ iná ní ṣíṣí tán pátápátá. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra, kí èyí tó kéré jù má fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí èyí tó ga jù. Bí ọ̀kan bá kéré, da ọ́ìlì ṣíbí kan sí i, tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, ríǹgì ni. Bí kò bá gòkè, fáfù ni tàbí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Dà ọ́ìlì àtijọ́ nù. Bí ó bá funfun bí wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Wo ihò kékeré tó wà lábẹ́ pọ́ǹpù omi: bí omi bá ti ń kán níbẹ̀, síìlì pọ́ǹpù ti lọ, kì í ṣe tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ owó wọn pọ̀. Ọ́ìlì tuntun, 10W-40 tó ní JASO MA lára, ìyẹn àmì ọ́ìlì alùpùpù. Ọ́ìlì mọ́tò tí wọ́n ṣe láti dín epo tí ọkọ̀ ń mu kù á mú kí kulọ́ọ̀ṣì máa yọ̀, nítorí inú ọ́ìlì kan náà ni kulọ́ọ̀ṣì alùpùpù ń wẹ̀.

Omi kànga kò gbọdọ̀ wọ rádíétọ̀. Kúláǹtì àti omi dísítíìlì ní ìdajì-ìdajì ni.

Bí ó bá tan, tí o bá gbọ́ ìró kọ-kọ-kọ lápá ọ̀tún, tó ń dínkù bí o bá fún un níná, ohun tó ń fa ṣéènì táímìn ni. Wọ́n mọ F4i mọ́ ọn dáadáa. Kò ní kí o tú ẹ́ńjìnì, bólùtù méjì ló dì í mú.

Ọmọ Ajílété:
Bíréèkì iwájú ti gan, ọwọ́ rẹ̀ kò lè tẹ̀. Ṣé kí n fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà yọ písítìn rẹ̀?

Mẹkáníìkì Wàásínmi:
Má fi ìka rẹ síbẹ̀ o. Ó máa ń jáde bí ọta. Fi pákó sí àárín, kí o wé àkísà mọ́ ọn. Èyí tó sàn jù ni kí o fi ọwọ́ bíréèkì fúnra rẹ̀ tì í jáde bí ó bá tún ní ìfúnpá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, họ ìpẹtà funfun kúrò nínú kòtò tí síìlì jókòó sí, nítorí ìyẹn ló ń ti síìlì mọ́ písítìn. Ọ̀pọ̀ ń pààrọ̀ síìlì láì họ kòtò, ó tún máa ń gan padà. Má fi bẹntiróòlù fọ rọ́bà rẹ̀, yóò wú. Òògùn bíréèkì DOT 4 tuntun, láti inú gálọ̀nù tí a kò tíì ṣí rí.

Gíwá Páàtì, Gate Ìbàdàn:
Ṣéènì: ẹ fa á sẹ́yìn lára sípírókẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn. Bí ó bá ń yọ kúrò lára eyín, ó ti tán. Ẹ pààrọ̀ ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì pa pọ̀, ìwọ̀n 525 ni. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti gbó, owó ṣòfò.

Akọ̀wé Ọ̀yọ́:
Ẹ ti gbàgbé ìwé. Nọ́ńbà ṣásíìsì wà lára ọrùn férémù, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀. Ti Honda tí wọ́n ṣe ní Japan, JH2 ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wé ìwé kọ́sítọ̀mù àti ìwé ìforúkọsílẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, kì í ṣe nọ́ńbà mẹ́rin ìkẹyìn nìkan. Ẹ fi ìka họ ibẹ̀: bí ojú irin bá rí bí ohun tí wọ́n ti yùn, tàbí tí kíkùn ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyókù férémù, ẹ máa lọ. Bí ẹ bá rà á, ìwé rísíìtì pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tà á àti àwòrán káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì lọ ṣe ìbúra ní kóòtù fún yíyí ìwé padà sórúkọ yín. Láìsí ìyẹn, bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró ní ọ̀nà Ìlọrin, ẹ ò ní ọ̀rọ̀ kankan. Ìwé ìwakọ̀ yín náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ka A.

Ọmọ Ajílété:
Táyà rẹ̀ ṣì ní eyín dáadáa. Ṣé mo lè fi lò ó fún oṣù díẹ̀ ná?

Gíwá Páàtì, Gate Ìbàdàn:
Rárá o. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó tẹ̀lé DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2014. Rọ́bà tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ ti le, eyín rẹ̀ kò lè di títì mú lójú òjò, tó bá sì ti dúró lójú kan fún ọdún mẹ́rin, ibi tó fi kanlẹ̀ ti pẹlẹbẹ. 120/70 ZR17 ní iwájú, 180/55 ZR17 ní ẹ̀yìn. Ẹ má fi táyà ọ̀kadà dípò, kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún irú eré yẹn. Ẹ ra ti ọdún yìí tàbí ọdún tó kọjá, kí ẹ ka DOT rẹ̀ nílé ìtajà kí ẹ tó sanwó, torí àwọn kan ń kó tòkunbọ̀ tó ti gbó wọlé, wọ́n sì ń fi ọ̀dà dúdú kùn ún.